Ilà Méjì Lẹ́rẹ̀kẹ́ Ọ̀tún

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo wọ bọ́ọ̀sì iṣẹ́ Bọ̀ọ̀dá, àwòrán kékeré kan tó lẹ̀ mọ́ iwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ rédíò, ni ojú mi kọ́kọ́ bà. Kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ìyá kan gbé ọmọ lọ́wọ́, ó fi aṣọ borí, wúrà yí i ká. Ojú ìyá náà dúdú, ti ọmọ náà dúdú. Ìyẹn kọ́ ló dá mi dúró tí n kò fi tètè so bẹ́líìtì. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ọ̀tún ni mò ń wò. Ilà méjì, gígùn, wọ́n jọ wálẹ̀ ni, wọ́n hàn ketekete.

"Ta ló kọ ìyá yìí nílà?" ni mo bi í.

Ọmọ Pólándì ni Bọ̀ọ̀dá. Òun ló ń rẹ́ ògiri, èmi ni mò ń ṣe iṣẹ́ wáyà iná, ọ̀gá kan náà ló ń pín iṣẹ́ fún wa ní apá ìwọ̀-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù níbí. Ó fi ọdún mọ́kànlá jù mí lọ. Orúkọ rẹ̀ gan-an ni gbogbo sáìtì ń pè é, ẹnu tèmi kò gbà á, ni mo bá sọ ọ́ di Bọ̀ọ̀dá láti ọjọ́ kejì. Nígbà tí mo ṣàlàyé fún un, ó ní nǹkan bẹ́ẹ̀ wà nílé àwọn náà, pé ẹni tí kì í bá ṣe ọ̀rẹ́ tàbí ẹbí rẹ, o kò gbọdọ̀ dédé máa sọ "ìwọ" fún un. "Pan" lo máa fi bọ̀wọ̀ fún un. Gẹ̀ẹ́sì ló bà wá jẹ́, àwa méjèèjì.

Ó ní ìyá Jésù ni, Màríà ti Częstochowa, tí gbogbo Pólándì ń lọ kí. Ní 1430, àwọn kan ya wọ ilé ìsìn tó wà, wọ́n kó ẹrù, wọ́n sì fi irin ya àwòrán náà lójú. Wọ́n tún un ṣe, ṣùgbọ́n àpá náà wà níbẹ̀ títí dòní. Mo sọ fún un pé màmá tó bí màmá mi ní pélé mẹ́ta-mẹ́ta, pé ti ìyá yìí ku ẹyọ kan kó pé. Ó rẹ́rìn-ín títí iná tíráfíìkì fi gbà wá láyè, ẹni tó wà lẹ́yìn wa sì fọn fèrè mọ́ wa.

Ó tó oṣù mélòó kan lẹ́yìn ìyẹn kí ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù tó dé. Àwọn Pólándì ń gbá bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ náà, àsìkò ìsinmi wa sì bọ́ sí i, Bọ̀ọ̀dá wá gbé fóònù rẹ̀ ti ike omi. Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ orin orílẹ̀-èdè wọn, ó dìde pẹ̀lú búrẹ́dì lọ́wọ́, ẹfun ògiri títí dé ìgbọ̀nwọ́. Nígbà tó jókòó, mo ní kó tú orin náà fún mi. Bó ṣe ń tú u lọ ni mò ń dá a dúró. Ẹ gbọ́ ná: orin orílẹ̀-èdè ẹni, ọ̀nà Ítálì ni wọ́n ń mẹ́nu bà nínú ẹ̀? Wọ́n sì ń dárúkọ Bonaparte ará Faransé bí ẹni ń dárúkọ olùkọ́? Kí ló kan Ítálì nínú ọ̀rọ̀ Pólándì?

Bọ̀ọ̀dá ní kí n jẹun mi. Àmọ́ ọ̀rọ̀ tó bá ti wọ̀ mí lórí báyẹn, mi ò kì í jẹ́ kó lọ. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko la fi fà á, ìyókù ni mo ń kà fúnra mi lálẹ́.

Ìjọba mẹ́ta ló pín Pólándì jẹ: Rọ́ṣíà, Prọ́ṣíà àti Ọ́stríà. Wọ́n gé e ní 1772, wọ́n tún gé e ní 1793, nígbà tó fi di 1795, kò sí ohun tó ń jẹ́ Pólándì mọ́ lórí máàpù. Ní 1794, Tadeusz Kościuszko kó àwọn èèyàn jọ láti gba ilẹ̀ wọn padà, kódà àwọn àgbẹ̀ tó fi dòjé gígùn ṣe ohun ìjà wà nínú wọn. Apá wọn kò ká a. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gágun tó bá wọn ja ìjà yẹn ni Jan Henryk Dąbrowski. Ìgbà tí ilé kò gbà á mọ́, ó gba Faransé lọ.

Òfin Faransé nígbà yẹn kò fàyè gba ọmọ ogun àjèjì nínú ẹgbẹ́ ogun wọn, ni wọ́n bá wá ọgbọ́n sí i. Napoleon, Bonaparte inú orin yẹn, ṣẹ̀ṣẹ̀ gba àríwá Ítálì lọ́wọ́ Ọ́stríà, ó sì gbé ìjọba kékeré kan kalẹ̀ níbẹ̀, ní Lombardy. Ìjọba yẹn ni Dąbrowski bá tọwọ́ bọ̀wé ní Milan, ní January 1797, pé àwọn ọmọ Pólándì yóò dá ẹgbẹ́ ogun tiwọn sílẹ̀ lórí ilẹ̀ Ítálì, Legiony ni wọ́n ń pè é. Ìwọ bá wa na Ọ́stríà lónìí, àwa náà á bá ẹ dé ilé rẹ lọ́la: ohun tí wọ́n fi sọ́kàn nìyẹn.

Níbo ni wọ́n ti wá rí èèyàn? Ibẹ̀ ló dùn mọ́ mi jù. Ọ́stríà ti fi tipátipá kó àwọn ọ̀dọ́ wọṣẹ́ ogun ní apá Pólándì tó pín kàn án, ó sì kó wọn wá sí Ítálì láti bá Napoleon jà. Napoleon ṣẹ́gun, ó kó wọn nígbèkùn. Dąbrowski wá ń kó wọn jáde látinú ìgbèkùn. Ìyẹn ni pé ẹni tó wọ aṣọ ogun ẹni tó jẹ ilẹ̀ bàbá rẹ̀ ní àná, ó bọ́ ọ, ó wọ tàwọn èèyàn rẹ̀. Èdè Pólándì ni wọ́n fi ń pàṣẹ fún wọn. Àwọn mìíràn rìn láti ilé wá bá wọn níbẹ̀. Ní July 1797, ní ìlú Reggio Emilia, Józef Wybicki kọ orin kan fún wọn. Orin yẹn ni Bọ̀ọ̀dá dìde dúró fún pẹ̀lú búrẹ́dì lọ́wọ́. 1927 ni wọ́n fi jẹ orin orílẹ̀-èdè. Ọ̀rọ̀ Ítálì ti yé mi.

Aṣọ wọn: ọ̀nà Pólándì ni wọ́n gbà rán an, àmì Faransé wà lára fìlà, àwọ̀ Lombardy sì wà ní èjìká. Wọ́n kọ ọ̀rọ̀ Ítálì kan sára èjìká yẹn, *Gli uomini liberi sono fratelli*. Arákùnrin ni gbogbo ẹni tó bá jẹ́ òmìnira. Ẹ rọra fi ọ̀rọ̀ èjìká yìí pamọ́ fún mi, mò ń bọ̀ wá gbà á.

Wọ́n jà fún Faransé, wọ́n kú fún Faransé, títí di February 1801, tí Faransé àti Ọ́stríà jókòó ní Lunéville, tí wọ́n parí ìjà. Nínú àdéhùn náà, ẹnikẹ́ni kò bèèrè Pólándì. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọkùnrin wá jókòó sí Ítálì pẹ̀lú ìbọn, kò sí ọ̀tá tí wọn yóò yìn ín sí, Napoleon kò sì mọ ohun tó máa fi wọ́n ṣe. Àwọn àgbà wa ní ṣòkòtò àgbàbọ̀, bí kò bá fún ni lẹ́sẹ̀, á ṣoni. Rẹ́múrẹ́mú lohun ẹni ń bá ni mu. Nígbà tí mo tú u fún Bọ̀ọ̀dá, ó ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ fún òun, ó sì fi pẹ́ńsù iṣẹ́ kọ ọ́ sára ògiri kó tó rẹ́ ẹ. Nílé oníle kan ní Ealing, òwe Yorùbá wà lábẹ́ ògiri yàrá kejì.

Napoleon rí ohun tó máa fi wọ́n ṣe. Ó kó wọn lọ sí Saint-Domingue.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ ọ́n sí Háítì, ibẹ̀ náà ni. Ilẹ̀ ìrèké àti kọfí, tí Faransé fi ẹ̀jẹ̀ àwọn tí wọ́n kó láti ilẹ̀ wa sọ di ọlọ́rọ̀. Nínú ìwé àwọn olówó ẹrú níbẹ̀, ẹ máa rí àwọn tí wọ́n ń pè ní Nago. Ẹ mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn ará Kóńgò ló pọ̀ jù níbẹ̀ nígbà yẹn, àwa kọ́, ṣùgbọ́n a wà níbẹ̀. Dòní olónìí, nínú ẹ̀sìn Vodou wọn, ìdí kan wà tí wọ́n ń pè ní Nago, Ogou ni olórí rẹ̀, irin ni ohun ọwọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá ń bi mí léèrè ohun tó kàn mí nínú ọ̀rọ̀ Pólándì, ohun tó kàn mí nìyẹn.

Àwọn ẹrú ti dìde ní 1791, wọ́n sì jà títí Faransé fi kéde òmìnira ní 1794. Napoleon fẹ́ yí i padà. Ó rán ọkọ àbúrò rẹ̀ obìnrin, Leclerc, pẹ̀lú ọ̀wọ́ ọkọ̀ ojú omi. Wọ́n fi ẹ̀tàn mú Toussaint Louverture, olórí àwọn aláwọ̀ dúdú níbẹ̀, ní June 1802, wọ́n gbé e lọ sẹ́wọ̀n ní Faransé, ó sì kú síbẹ̀ nínú òtútù ní April 1803. Àsìkò yìí gan-an ni wọ́n kó àwọn ọmọ Dąbrowski lọ. Ìdá kan wọkọ̀ ní Livorno ní May 1802, ó gúnlẹ̀ ní September. Ìdá kejì kúrò ní Genoa ní January 1803. Dąbrowski fúnra rẹ̀ kò lọ. Gbogbo wọn lé ní 5,000. Ọkùnrin tó kọ ọ̀rọ̀ arákùnrin sí èjìká ni wọ́n kó sọdá òkun láti lọ bá ẹni tó gba òmìnira ara rẹ̀ jà.

Ibà pọ́njú ló pa èyí tó pọ̀ jù. Aṣọ òtútù ilẹ̀ Yúróòpù lọ́rùn, nínú ooru báyẹn, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ pé ẹ̀fọn ló ń gbé e kiri. Nínú gbogbo wọn, nǹkan bí 4,000 kò padà. Leclerc fúnra rẹ̀ bá a lọ ní November 1802.

Ọ̀kan wà nínú àwọn tó kú tí mi ò lè yé ronú nípa rẹ̀. Władysław Jabłonowski, ọ̀gágun. Gdańsk ni wọ́n bí i sí ní 1769, Gẹ̀ẹ́sì ni ìyá rẹ̀, ṣùgbọ́n aláwọ̀ dúdú ni òun fúnra rẹ̀. Ó kàwé nílé ìwé ológun Brienne ní Faransé, ilé ìwé kan náà tí Napoleon lọ; ó bá Kościuszko jà ní 1794, ó bọ́ sínú Legiony. Ọ̀gágun Pólándì, awọ ara bíi tèmi, tó wọkọ̀ lọ bá àwọn aláwọ̀ dúdú jà fún Faransé. Ibà mú un, ó kú ní ìlú Jérémie ní September 1802. Mo wo àwòrán rẹ̀ títí lórí fóònù, bí ẹni pé yóò là mí lóye ohun tó ń rò.

Ibi tí èmi àti Bọ̀ọ̀dá ti fẹ́ jà nìyí. Bí wọ́n ṣe sọ ìtàn náà fún un láti kékeré ni pé bí àwọn ọmọ Pólándì ṣe gúnlẹ̀, tí wọ́n rí i pé àwọn tó ń jà fún òmìnira ni wọ́n ní kí àwọn pa, wọ́n sọ ìbọn nù, wọ́n lọ bá wọn. Ìtàn tó dùn ni. Mo fẹ́ kó jẹ́ òótọ́ ju bó ṣe fẹ́ ẹ lọ. Ṣùgbọ́n mo ti kà nípa Saint-Marc, ìlú kan ní Saint-Domingue. Ní October 1802, ẹ̀rù ń ba Faransé pé àwọn ọmọ ogun aláwọ̀ dúdú tó ṣì wà lọ́dọ̀ wọn máa yí padà. Wọ́n tò wọ́n, wọ́n gba ìbọn lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì pàṣẹ fún àwọn ọmọ Pólándì pé kí wọ́n pa wọ́n.

Wọ́n pa wọ́n.

Mo sọ ọ́ fún Bọ̀ọ̀dá níbi tó ti ń po ẹfun nínú ike. Kò dá mi lóhùn. Ẹfun tó bá ti pò, kì í dúró de ẹnikẹ́ni, kó tó gbẹ ni wọ́n ń rẹ́ ẹ, ó sì rẹ́ ògiri yẹn láti òkè dé ilẹ̀ láì wẹ̀yìn. Ìgbà tó fi omi wọ́n ọn lẹ́ẹ̀kejì, tó ń fi irin dán an, ló tó sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ìwọ ńkọ́? Bí wọ́n bá ní kó o yìnbọn, tí ìbọn mìíràn sì wà lẹ́yìn rẹ?" Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá, mi ò mọ̀." Mi ò mọ̀ lóòótọ́.

Àwọn kan sá kúrò lọ́dọ̀ Faransé lóòótọ́, wọ́n lọ bá Dessalines, ọ̀gágun tó ń darí ìjà àwọn aláwọ̀ dúdú lẹ́yìn Toussaint. Wọn kò pọ̀. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé wọ́n mú wọn lójú ogun ni, tí wọ́n dá ẹ̀mí wọn sí. Àwọn ọmọ ogun Dessalines na Faransé ní Vertières ní November 18, 1803, àwọn Faransé tó kù wọkọ̀, Gẹ̀ẹ́sì sì dè wọ́n lójú òkun, ó kó wọn. Ní January 1, 1804, Háítì di òmìnira, nǹkan bí 400 ọmọ Pólándì sì ṣẹ́ kù sórí ilẹ̀ náà.

Kí ni Dessalines ṣe fún wọn? Òun tó pa àwọn Faransé tó kù lórí ilẹ̀ náà lọ́dún yẹn. Ẹ wo òfin ilẹ̀ Háítì ti 1805. Ìlà kejìlá ní kò sí aláwọ̀ funfun kankan, ibi yòówù kó ti wá, tó gbọdọ̀ tẹ ilẹ̀ yẹn gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá tàbí onílẹ̀. Ìlà kẹtàlá yọ àwọn kan sílẹ̀: àwọn obìnrin funfun tí ìjọba ti sọ di ọmọ ilẹ̀, àti àwọn ọmọ wọn, àti àwọn ará Jámánì àti Pólándì tí ìjọba ti sọ di ọmọ ilẹ̀. Ìlà kẹrìnlá ló jẹ́ kí n dìde nínú ìjókòó mi: láti òní lọ, orúkọ kan ṣoṣo ni gbogbo ọmọ Háítì yóò máa jẹ́, aláwọ̀ dúdú.

"Bọ̀ọ̀dá," ni mo pè é láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kó tó pa ilẹ̀kùn bọ́ọ̀sì, "ẹ jẹ́ aláwọ̀ dúdú o. Ó wà nínú ìwé òfin láti 1805."

Ó ní òun ti fura.

Àwọn ọmọ wọn wà níbẹ̀ dòní, pàápàá ní Cazale, abúlé orí òkè kan ní àríwá Port-au-Prince, níbi tí ẹ máa rí ọmọ tí awọ rẹ̀ mọ́lẹ̀ ju tàwọn yòókù lọ, tí wọ́n sì máa ní ọmọ Polonè ni. Ibẹ̀ náà ni àwọn ọmọ ogun Duvalier, ààrẹ Háítì nígbà náà, ya wọ̀ ní 1969, tí wọ́n pa èèyàn. Ilẹ̀ yẹn kò tíì sinmi.

Lọ́jọ́ yẹn náà ni mo fi àwòrán kan hàn án. Òrìṣà obìnrin kan wà nínú Vodou, Ezili Dantor. Ìyá líle ni, ìyá ọmọ, kì í gba ìyà, ọ̀bẹ kì í wọ́n lọ́wọ́ rẹ̀. Bí àwọn ará Háítì bá fẹ́ gbé àwòrán rẹ̀ sí ojúbọ, ìyá kan tó gbé ọmọ lọ́wọ́ ni wọ́n ń lò, ojú rẹ̀ dúdú, wúrà lórí, ilà lẹ́rẹ̀kẹ́ ọ̀tún. Ọ̀pọ̀ ló gbà pé àpò àwọn ọmọ ogun Pólándì ni àwòrán yẹn bá wọ̀lú.

Bọ̀ọ̀dá gba fóònù lọ́wọ́ mi. Ó gbé e súnmọ́ èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rédíò. Ó wo èyí, ó wo tọ̀hún.

"Òun ni," ló wí.

Ọgbọ́n ogun yìí, pé kéèyàn lọ kó ẹgbẹ́ ogun jọ nílé ẹlòmíràn kó tó fi gba ilé tirẹ̀, wọ́n tún un dá lọ́pọ̀ ìgbà, mi ò ní ka gbogbo rẹ̀. Èyí tó gbà fún wọn jù ni ti 1917. Faransé tún ni, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀pọ̀ èèyàn rẹ̀ wá láti Amẹ́ríkà, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ irin àti ibi ìwa-èédú. Ignacy Paderewski tó ń tẹ dùùrù káàkiri ayé ló ń sọ̀rọ̀ fún wọn ní gbọ̀ngàn dé gbọ̀ngàn. Wọ́n lọ kọ́ṣẹ́ ogun ní Niagara-on-the-Lake, ní Kánádà, ó lé ní 20,000 ọkùnrin, àrùn ọ̀fìnkìn burúkú ti 1918 sì pa nínú wọn kí wọ́n tó rí ogun. Aṣọ búlúù tí Faransé fún wọn ló jẹ́ kí wọ́n máa pè wọ́n ní ẹgbẹ́ ogun búlúù. Józef Haller ni ọ̀gá wọn. Ní April 1919, wọ́n wọ rélùwéè láti Faransé, wọ́n gba Jámánì kọjá, wọ́n sọ̀kalẹ̀ ní Pólándì tó ti di òmìnira. Ẹ má rò pé ẹni mímọ́ ni wọ́n. Àwọn kan nínú wọn ń mú àwọn Júù lójú títì, wọ́n ń gé irùngbọ̀n wọn, wọ́n sì ń lù wọ́n. Bọ̀ọ̀dá ló sọ ìyẹn fún mi fúnra rẹ̀, mo rò pé ó fi san ti Saint-Marc ni.

Orúkọ Kościuszko ni wọ́n sọ ibùdó Niagara yẹn. Kościuszko yìí, nígbà tó ń kúrò ní Amẹ́ríkà ní 1798, ó kọ ìwé ogún pé kí wọ́n fi owó òun tó wà níbẹ̀ ra àwọn ẹrú sí òmìnira, kí wọ́n sì kọ́ wọn níṣẹ́. Thomas Jefferson ló fi ìwé náà síkàáwọ́. Jefferson, tó ní ẹrú lọ rẹpẹtẹ, kò ṣe é.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, iṣẹ́ gbé wa gba A40. Ẹni tó bá ń gba ibẹ̀ mọ̀ ọ́n: ẹ̀gbẹ́ pápákọ̀ òfuurufú Northolt, òpó òkúta kan pẹ̀lú ẹyẹ idì lórí, orúkọ rẹpẹtẹ lára ògiri tó yí i ká, Polish War Memorial ni wọ́n ń pè é. Àwọn ọmọ Pólándì tó wa bàálù fún Gẹ̀ẹ́sì nígbà ogun Hitler ni, Northolt ni ẹgbẹ́ 303 wọn ti ń gbéra ní 1940. Ọdún 1948 ni wọ́n ṣí òpó náà. Ọdún méje ni mo fi kọjá níbẹ̀, tí mo rò pé ibùdókọ̀ bọ́ọ̀sì lásán ló ń jẹ́ orúkọ yẹn.

Go-slow mú wa síbẹ̀. Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá, mo ní gbèsè kan tí mo fẹ́ san fún yín." Mo wá sọ ti August Agboola Browne. Ọmọ Èkó, wọ́n bí i ní 1895. Ó dé Pólándì ní 1922, ó ń lùlù fún àwọn ẹgbẹ́ oníjáàsì ní Warsaw, ó fẹ́ ìyàwó níbẹ̀, ó bímọ níbẹ̀. Ní 1949, nínú fọ́ọ̀mù tó kọ fún ẹgbẹ́ àwọn tó ti jagun rí, ó kọ ọ́ pé òun wà lára àwọn tó dáàbò bo Warsaw ní 1939, pé òun sì jà nínú ìdìde tí àwọn ará ìlú náà dìde sí Jámánì ní 1944, Ali ni orúkọ tí òun ń jẹ́ nínú ìjà. Lọ́ńdọ̀nù níbí ló kú sí ní 1976. Ní 2019, wọ́n gbé òkúta ìrántí kalẹ̀ fún un ní Warsaw.

"Kí lorúkọ rẹ̀?"

"Agboolá."

"Ag-bo-la."

"Rárá, ẹ má pín in. *Gb*. Ẹ pa ètè dé ná."

Ó pa ètè dé. Ó gbìyànjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́fà láàárín òpó yẹn àti ibi tí a ti yà. Nígbà tó rẹ̀ ẹ́, ó ní ó kàn mí, kí n pe Dąbrowski bó ṣe yẹ kí wọ́n pè é, kí n má fi "Dabu" bà á jẹ́ mọ́. Mo pè é. Ó mi orí, ó ní kí n tún un pè.